Owó Sólà: Ìgbà Wo Ló Ń Padà Wálé?

Ẹni tó ní mítà alásansílẹ̀ nílé mọ iye tí wọ́n ń ta yúníìtì iná kan fún un. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ lálaalẹ́ pé èló ni yúníìtì kan ń ná an lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ẹ ó rí i pé kò ṣírò ó rí. Iye tó fi ra epo ló mọ̀. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ sólà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè sọ fún yín bóyá sólà wọ́n tàbí kò wọ́n, àfi tó bá kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi í rọ́pò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti jẹnẹrétọ̀ ná. Ká mú ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bẹntiróòlù, irú èyí tí wọ́n kọ 2.5kVA sí lára, tó ń gbé fíríìjì kan, fáànù mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n kan àti gílóòbù bíi mélòó kan. Gbogbo ẹrù yìí kò ju nǹkan bíi 500 wáàtì lọ. Bí wọ́n bá tan án láti aago méje alẹ́ títí di méjìlá òru, iná tó pèsè kò ju yúníìtì méjì àbọ̀ lọ. Ẹ̀rọ náà á sì ti mu bíi lítà mẹ́rin, torí pé bí ẹrù tilẹ̀ kéré, ẹ́ńjìnnì ò ní yéé yí, epo ò sì ní yéé jó. Ká pe lítà epo kan ní ₦900 kí ìṣirò lè rọrùn. Ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò yín sípò rẹ̀. Lítà mẹ́rin jẹ́ ₦3,600. Ẹ pín in sí yúníìtì méjì àbọ̀: ₦1,440 ni yúníìtì kan. A ò tíì ka ọ́ìlì, a ò tíì ka púlọ́ọ̀gì, a ò sì tíì ka mẹkáníìkì.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná NẸ́PÀ (orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn ti yí padà tipẹ́, ẹnu wa ni ò tíì yí). Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso iná mànàmáná gbé owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A láti ₦68 sí ₦225. Ó wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì dúró sí nǹkan bíi ₦209.50 láàárín ọdún yẹn. Band A ni àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí ogún fún lójúmọ́, ó kéré tán. Àwọn tó wà ní Band B, tí ìlérí tiwọn jẹ́ wákàtí mẹ́rìndínlógún, títí dé Band E tí tiwọn jẹ́ wákàtí mẹ́rin péré, wọn ò fọwọ́ kan owó tiwọn nígbà yẹn. Ariwo sọ jákèjádò ìlú pé iná ti wọ́n jù. Ó wọ́n lóòótọ́. Síbẹ̀, yúníìtì tó ń jáde látinú jẹnẹrétọ̀ yìí fi nǹkan bí ìlọ́po méje wọ́n ju èyí tí gbogbo ayé ń pariwo lé lórí lọ. Ẹni tó bá ń bá jẹnẹrétọ̀ díje ni sólà máa ń tètè nà. Ẹni tó bá ń bá NẸ́PÀ díje, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀.

Ohun méjì kan wà táwọn èèyàn máa ń dà pọ̀, àwọn tó ń ta sólà náà sì máa ń fi í da ojú rú: wáàtì àti yúníìtì. Wáàtì ni bí omi ṣe ń ya tó lẹ́nu ẹ̀rọ. Yúníìtì ni iye omi tó ti wọ dúrọ́ọ̀mù. Áyọ́ọ̀nù tó ń fa 1,000 wáàtì á jẹ yúníìtì kan bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan láìsinmi. Gílóòbù LED oníwáàtì mẹ́jọ á tàn tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ márùn-ún kó tó jẹ iye yẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè pé ìńfátà kílówáàtì mélòó ni kí ẹ rà, ẹ mú bírò, ẹ kọ ohun tí ilé yín ń jẹ lójúmọ́ sílẹ̀.

Ká mú ilé oníyàrá mẹ́ta kan n'Ìbàdàn. Fíríìjì wọn ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì kan àti díẹ̀ lójúmọ́, ká pè é ní 1.2. Fáànù mẹ́ta, oníwáàtì 60 kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí mẹ́wàá: 1.8. Gílóòbù mẹ́fà fún wákàtí mẹ́fà: 0.3. Tẹlifíṣọ̀n àti díkódà rẹ̀ fún wákàtí márùn-ún: 0.5. Fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká: 0.3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ yúníìtì 4.1. Ohun kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni kì í sọ lọ́jà: ìńfátà fúnra rẹ̀ ń jẹun. Bó bá ń fa 50 wáàtì láti fi ara rẹ̀ jí sílẹ̀, tí a ò sì pa á, yúníìtì 1.2 ló máa jẹ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ohun tí fíríìjì ń jẹ nìyẹn! Ìdí rèé tí kò fi bọ́gbọ́n mu kí èèyàn ra ìńfátà ràgàjì fún ilé tí ẹrù rẹ̀ ò tó nǹkan, torí bí ìńfátà bá ṣe tóbi tó ni oúnjẹ tirẹ̀ náà ṣe ń pọ̀ tó. Pẹ̀lú ti ìńfátà, ilé yìí nílò yúníìtì 5.3 lójúmọ́.

Páńẹ́ẹ̀lì ló kàn. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, bíi 450W, jẹ́ ti inú ilé àyẹ̀wò: oòrùn tó ń ju 1,000 wáàtì sórí mítà kan níbùú lóròó, nígbà tí ara páńẹ́ẹ̀lì wà ní ìwọ̀n ooru 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lórí òrùlé páánù n'Ìbàdàn, ní aago kan ọ̀sán oṣù Kejì, ara rẹ̀ lè gbóná kọjá 60. Bó bá sì ti kọjá 25, ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan tó bá fi lé sí i ń gba nǹkan bí ìdá 0.35 sí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lọ. Ohun tó ń fẹ́ ni ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ooru. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń gbé e sókè díẹ̀ kúrò lára páánù kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n á kọ ojú rẹ̀ sí gúúsù, wọ́n á sì dà á ní ìdagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè máa ṣan eruku rẹ̀ nù.

Oòrùn gbogbo ọjọ́ kan nílẹ̀ Yorùbá, bí a bá kó o jọ, jẹ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin oòrùn gangan, tàbí díẹ̀ lé. Tí Sókótó lé ní márùn-ún. Lóṣù Keje àti Kẹjọ, nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú láti àárọ̀ dalẹ́, tiwa lè wálẹ̀ sí mẹ́ta. Ẹ fi páńẹ́ẹ̀lì 450W mẹ́rin ṣe é: 1.8 kílówáàtì lọ́nà wákàtí mẹ́rin, ẹ yọ ìdá mẹ́rin kan kúrò fún ooru, eruku, wáyà àti bátìrì, ó ku yúníìtì 5.4. Ó tó ilé wa, ó fi díẹ̀ ṣẹ́kù. Lóṣù Kẹjọ, á wálẹ̀ sí bíi 4, NẸ́PÀ tàbí jẹnẹrétọ̀ á sì ní láti dí àlàfo náà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ ò ní tan jẹnẹrétọ̀ mọ́ láéláé, ẹ bi í léèrè oṣù Kẹjọ.

Bátìrì ni ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ owó. Láti ọdún 2010 títí di ìsinsìnyí, owó páńẹ́ẹ̀lì ti já wálẹ̀ lágbàáyé ní nǹkan bí ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Orílẹ̀-èdè Ṣáínà ló ń ṣe èyí tó ju ìdá ọgọ́rin lọ nínú rẹ̀. Oòrùn kọ́ ló wá ń gba owó lọ́wọ́ wa báyìí, òru ni. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní London lè sọ fún yín pé òun ò ra bátìrì rárá, owó òun sì ń wọlé. Òótọ́ ló ń sọ. Lọ́hùn-ún, iná ìjọba kì í lọ, àti láti oṣù Kìíní ọdún 2020 ni ètò kan ti wà tó jẹ́ kí onílé lè ta iná ọ̀sán tó bá ṣẹ́kù fún ilé iṣẹ́ iná. Ní tiwa, bí bátìrì bá ti kún ní aago méjì ọ̀sán, tí kò sì sí ohun tó ń lo iná, àwọn páńẹ́ẹ̀lì kàn ń yáàrùn lásán ni. Ẹ má fi ìṣirò London ra sólà ilé Ìbàdàn.

Ilé wa yìí á lo nǹkan bíi yúníìtì 4 láàárín ìrọ̀lẹ́ sí òwúrọ̀, nígbà tí oòrùn ò sí. Oríṣi bátìrì méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni bátìrì olómi, èyí tí wọ́n ń pè ní tubular lọ́jà. Ọ̀kan tó jẹ́ 220Ah, 12V, ń gba yúníìtì 2.6, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fà á kọjá ìdajì lálaalẹ́, ẹ ń sín gbẹ́rẹ́ ikú fún un ni. Ó fẹ́ omi bátìrì tí wọ́n ń pè ní distilled water, kì í ṣe omi kànga, ó sì fẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, torí gáàsì ń jáde lára rẹ̀. Èkejì ni bátìrì lítíọ́ọ̀mù. Ẹyọ kan tó gba yúníìtì 5, ẹ lè lo mẹ́rin nínú rẹ̀ lálaalẹ́ láìbẹ̀rù.

Ká fi owó sí i, pẹ̀lú ohun tí mo sọ nípa epo lẹ́ẹ̀kan: ẹ fi iye ọjà tiyín sípò tèmi. Ká ní bátìrì olómi mẹ́rin (torí ìdajì wọn nìkan la lè lò) jẹ́ ₦200,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦800,000 lápapọ̀, tí wọ́n sì lò ó fún ọdún mẹ́ta. Yúníìtì mẹ́rin lálaalẹ́ fún ọdún mẹ́ta jẹ́ 4,380. Ìyẹn ni pé bátìrì nìkan ń gba ₦183 lórí yúníìtì kọ̀ọ̀kan. Ká ní lítíọ́ọ̀mù jẹ́ ₦1,200,000, tó sì lo ọdún mẹ́wàá. Yúníìtì 14,600 ni, ₦82 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí owó rẹ̀ kéré lọ́jọ́ tí ẹ rà á ló fi ìlọ́po méjì wọ́n ju èkejì lọ. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bátìrì olómi lónìí, àfi ẹni tí kò bá rí ọ̀nà kankan sí owó èkejì. Ẹni tó bá sì rà á, kó má ṣe já tuntun mọ́ ògbólógbòó, torí èyí tó ti rẹ̀ á fa tuntun lulẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, ₦480,000. Lítíọ́ọ̀mù, ₦1,200,000. Ìńfátà, ₦450,000. Irin òrùlé, wáyà, ohun tí ń já iná nígbà ewu, ohun tí ń gbé àrá wọlẹ̀ àti owó iṣẹ́, ₦370,000. Mílíọ̀nù méjì àbọ̀ náírà ni. Bátìrì kó bí ìdajì. Páńẹ́ẹ̀lì tí gbogbo èèyàn ń wò lórí òrùlé kò tó ìdá kan nínú márùn-ún.

Ìgbà wo ló máa padà wálé? Ilé mẹ́ta ni ká fi wò ó.

Ilé àkọ́kọ́ ń tan jẹnẹrétọ̀ ní alẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lóṣù. Epo ₦90,000, ọ́ìlì àti mẹkáníìkì ₦10,000. Mílíọ̀nù kan àti ₦200,000 lọ́dún. Ká yọ ₦150,000 fún epo tí wọ́n ṣì máa rà nígbà òjò. Ohun tí wọ́n gbà là jẹ́ ₦1,050,000 lọ́dún, owó sólà á sì padà láàárín ọdún méjì àti nǹkan bí oṣù márùn-ún. Iná wákàtí márùn-ún ni wọ́n sì ń rà lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀ tẹ́lẹ̀ o, wọ́n wá ní ti òru mọ́jú.

Ilé kejì wà ní Band A, ìlérí wákàtí ogún sì ń ṣẹ dáadáa ládùúgbò wọn. Bí sólà bá gba yúníìtì 4.1 lójúmọ́ kúrò lórí mítà, ní ₦209.50, nǹkan bíi ₦313,000 ló gbà là lọ́dún. Ọdún mẹ́jọ gbáko, ìgbà yẹn bátìrì náà ti ń darúgbó. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè ra ìńfátà àti bátìrì kékeré fún wákàtí mẹ́rin tó kù. Kí ni wọ́n fẹ́ fi páńẹ́ẹ̀lì kún òrùlé ṣe?

Ilé kẹta ló máa ń dùn mí jù. Wákàtí mélòó kan ni wọ́n ń rí iná lójúmọ́, owó yúníìtì wọn kéré, wọn ò sì lágbára epo, òkùnkùn ni wọ́n ń sùn sí. Sólà ò ní fi bẹ́ẹ̀ gba owó là fún wọn, torí owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ná tẹ́lẹ̀. Oorun, ìwé kíkà àwọn ọmọ, omi tútù ni wọ́n máa fi owó yẹn rà. Ohun tó yẹ ní rírà ni. Àmọ́ kí oníṣòwò má pè é ní ìfowópamọ́ fún wọn, kí wọ́n má sì lọ yá owó gọbọi nítorí pé wọ́n ní á san ara rẹ̀.

Owó yíyá yìí gan-an nílò àkíyèsí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, èlé tí Central Bank fi lélẹ̀ ti dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí báǹkì ń gbà lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilé àkọ́kọ́ yìí bá yá mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ní èlé ìdá ọgbọ̀n, ₦750,000 lè bá èlé lọ lọ́dún kìíní nìkan, nínú ₦1,050,000 tí wọ́n gbà là. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́, tàbí àjọ tí wọ́n dá tí wọ́n sì kó, dára ju báǹkì lọ fíìfíì. Ẹni tí owó rẹ̀ ò tíì pé lè ra ìńfátà àti bátìrì lítíọ́ọ̀mù pẹ̀lú páńẹ́ẹ̀lì méjì, kó máa fi NẸ́PÀ kún un, kó sì ra méjì tó kù lọ́dún tó ń bọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ni sólà ti ń dùn jù, torí ọ̀sán ni iṣẹ́ ń lọ. Télọ̀ tó ń rán aṣọ láti aago mẹ́sàn-án sí mẹ́rin lè lo iná tààrà látorí òrùlé, bátìrì kékeré sì ti tó o. Áyọ́ọ̀nù ni kó lo ní agbedeméjì ọ̀sán, kì í ṣe ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ìyá tó ń ta ẹja dídì tilẹ̀ lè sọ fírísà rẹ̀ di bátìrì: kó jẹ́ kó dì gbagidi láti òwúrọ̀, kó kó ọ̀rá omi tó ti di yìnyín yí ẹja ká, kó pa á lálẹ́, kó má sì ṣí i títí ilẹ̀ fi mọ́. Nínú ilé náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń fa omi, tó ń fọṣọ, tó sì ń lọṣọ láàárín aago mọ́kànlá sí méjì kò ní nílò bátìrì tó tó ti aládùúgbò rẹ̀ tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ lálẹ́.

Àyédèrú pọ̀ lọ́jà. Ẹ mú okùn ìwọ̀n dání lọ. Páńẹ́ẹ̀lì òde òní kò lè mú ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún oòrùn tó bá bọ́ lé e, tàbí díẹ̀ lé, nítorí náà mítà kan níbùú lóròó kò lè ju 200 wáàtì àti díẹ̀ lọ. Ojúlówó 450W gbọ́dọ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà méjì, kó sì fẹ̀ tó mítà kan. Ó wúwo tó nǹkan bíi kílò mẹ́rìnlélógún. Bí wọ́n bá gbé èyí tí ọmọdé lè fi apá kan gbé wá, tí wọ́n kọ 450W sí i, irọ́ ni wọ́n kọ. Ní ti lítíọ́ọ̀mù, àwọn kan ń kó èyí tí wọ́n ti lò gbó sínú páálí tuntun. Ẹ ní kí wọ́n gba iná sí i kó kún, kí wọ́n fi ẹrù 500 wáàtì lé e. Oníyúníìtì márùn-ún gbọ́dọ̀ gbé e fún wákàtí mẹ́jọ. Oníṣòwò tí kò bá gbà kí ẹ dán an wò ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Òrùlé náà ńkọ́? Páńẹ́ẹ̀lì á lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí páánù bá ti dípẹtà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹ wo òjìji pẹ̀lú. Òjìji tánkì omi tó bá bo igun kan páńẹ́ẹ̀lì lásán lè pa ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ rẹ̀, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi omi fọ̀ ọ́ ní ìdájí kí digí rẹ̀ tó gbóná. Ayálégbé lè kó tirẹ̀ lọ bó bá ń kó jáde, àfi owó iṣẹ́ àti àwọn ihò tó kù sórí páánù onílé. Kí ẹ ti bá onílé sọ ọ́ ṣáájú.

Kí ẹ tó pe oníṣẹ́ kankan, ẹ fi oṣù kan gbáko kọ gbogbo owó epo, ọ́ìlì àti àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ yín sílẹ̀. Pẹ̀lú sólà tí iye rẹ̀ tó èyí tí a ṣírò yìí, bó bá lé ní ₦60,000, ẹ máa lọ ra sólà. Kò ní pé ọdún mẹ́rin tí owó yín á fi padà. Bí kò bá tó ₦30,000, ẹ jẹ́ kí owó yín wà lápò ná. Fáànù agbanására kan àti gílóòbù agbanására méjì ti tó yín.